Iná Tó Tàn Lẹ́nu Pọ́ọ̀tù Kò Tíì Jẹ́ Ẹ̀rí

Ní nǹkan bí aago méjì òru, nínú oṣù Kìíní tí ọyẹ́ mú gan-an, iná àwọ̀ ewé tàn lẹ́nu pọ́ọ̀tù suwíìṣì tuntun, ẹ̀rọ tó ń darí dátà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sínú ráàkì ní Ọ̀yọ́, àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ wọn sínú àpò. Suwíìṣì kejì wà ní Ìbàdàn, okùn fáíbà, dígí tín-ín-rín tó ń gbé ìmọ́lẹ̀, tó so àwọn méjèèjì pọ̀ sì gùn tó kìlómítà 58. Ìsopọ̀ náà ti jí, ping, ìyẹn ìpè kékeré tí a fi ń mọ̀ bóyá ìpẹ̀kun kejì ń dáhùn, ń lọ ó ń bọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ọ́fíìsì sì ti sọ fún wa lórí fóònù pé òun ti rí i lójú kọ̀ǹpútà òun, pé kí a máa lọ sùn. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí a má tíì lọ. Mo ti wo iye ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé sí pọ́ọ̀tù náà, mo bá −21.7 dBm níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìṣirò tí mo ti ṣe sínú ìwé kí a tó kúrò nílé sọ pé −13.4 ló yẹ kí n bá.

Àárín nọ́ńbà méjì yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa iṣẹ́ yìí wà.

Kì í ṣe pé −21.7 burú tó láti pa ìsopọ̀. Mọ́dù ìmọ́lẹ̀, ẹ̀rọ kékeré inú pọ́ọ̀tù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ síta tó sì ń gbọ́ èyí tó ń bọ̀, tí a lò jẹ́ irú èyí tí a ń pè ní ZR, tí wọ́n ṣe fún nǹkan bí kìlómítà 80 lórí ìgbì 1550 nánómítà, tí ó sì lè gbọ́ ìmọ́lẹ̀ tó rẹlẹ̀ dé −24 dBm. Ìdí nìyẹn tí iná fi tàn. Ṣùgbọ́n ohun tó kù láàárín ìsopọ̀ náà àti òkùnkùn kò ju 2.3 désíbẹ́ẹ̀lì lọ. Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí yóò fẹ́ mọ̀ pé 0 dBm ni míllíwáàtì kan, àti pé nígbàkígbà tí a bá pàdánù désíbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, ìlàjì ìmọ́lẹ̀ ló lọ. Èyí tí a pàdánù láìnídìí ní òru ọjọ́ náà jẹ́ 8.3, ìyẹn ni pé nínú ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó dé Ọ̀yọ́, bí ìdá kan nínú méje péré ló dé.

Ìṣirò náà kò le, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni jáde lọ sí ojú iṣẹ́ láìṣe é. Fáíbà tó dára máa ń jẹ nǹkan bí 0.22 désíbẹ́ẹ̀lì ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan lórí ìgbì 1550, nítorí náà kìlómítà 58 yóò jẹ 12.8. Kìlómítà mẹ́rin-mẹ́rin ni okùn tó wà lórí róòlù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà náà, èyí tó mú kí ojú ìsopọ̀ tó wà lójú ọ̀nà jẹ́ 14. Mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0.1, ó di 1.4. Kọnẹ́kítọ̀ tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì gba 0.5 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15.2. Mọ́dù Ìbàdàn ń tan 1.8 dBm síta. Tí a bá yọ 15.2 kúrò nínú rẹ̀, −13.4 ló kù.

Àwọn kan á ní, bí ìsopọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, kí ni a tún ń fi òru ṣe wàhálà sí? Ìdáhùn mi ni pé, ní ilẹ̀ tiwa, okùn tí katapílà kò tíì gé ni okùn tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Àwọn tó ń la ọ̀nà, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ fún omi, àwọn tó ń jí okùn hú nítorí wọ́n rò pé kọ́pà ni, gbogbo wọn ni wọ́n ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì gé e, okùn kì í sábà gùn tó láti fà á pàdé ara rẹ̀. A máa ń fi ègé tuntun há àárín, ojú ìsopọ̀ kan a sì di méjì. Ẹni tó fi désíbẹ́ẹ̀lì méjì péré sílẹ̀ ti ná owó àtúnṣe ọ̀la tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí ni ọyẹ́. Àárín fáíbà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá nínú okùn ọ̀nà jíjìn kò ju nǹkan bíi máíkírómítà 9 lọ, dígí tó yí i ká sì jẹ́ 125. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, tó ń bà sórí àga àti sórí ewé nílé wa, ní hóró tó jẹ́ máíkírómítà mélòó kan, ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ sì tó láti bo ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ náà ní ìlàjì. Èyí tó burú jù ni pé, bí a bá ti kọnẹ́kítọ̀ bọ inú ihò rẹ̀ pẹ̀lú eruku lójú, ìfúnpọ̀ dígí méjì náà a lọ eruku ọ̀hún mọ́ wọn lójú, ibi tí nínù lè wò tẹ́lẹ̀ yóò sì di ọgbẹ́ tí kò ṣeé wò mọ́. Mo ti rí àwọn ẹlẹ́rọ tó já fáfá nínú ohun gbogbo, tí wọ́n ń fi etí aṣọ wọn nu kọnẹ́kítọ̀, àánú iṣẹ́ náà sì ṣe mí. Ìdérí rọ́bà tó wà lórí kọnẹ́kítọ̀ tuntun pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí ìmọ́tótó, nítorí inú ìdérí náà ní ìdọ̀tí tirẹ̀. Ẹ fi maikirosíkóòpù wò ó. Bí kò bá mọ́, ẹ fi kálàmù gbígbẹ tí a fi ń nu kọnẹ́kítọ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá tíì lọ, ẹ fi ọtí àìsopùrópù (isopropyl) díẹ̀ sórí aṣọ tí kì í já fọ́nrán, kí ẹ nù ún tutù, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò tún un wò. Ìgbà tí ẹ bá rí i pé ó mọ́ ni kí ẹ tó tì í wọlé.

Ọ̀rọ̀ ojú náà wà níbẹ̀ o. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lórí ìgbì 1310 àti 1550 nánómítà, tí a ń lò nínú fáíbà, kì í ṣe ohun tí ojú ènìyàn ń rí. Ẹni tó bá gbé orí okùn sójú láti wò ó bóyá iná wà níbẹ̀ kò ní rí nǹkan kan, ojú rẹ̀ sì lè ti gba lésà kí ó tó gbé e kúrò. Mítà ni a fi ń mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ yín ní èyí kí ẹ tó kọ́ wọn ní ohunkóhun mìíràn.

Kọnẹ́kítọ̀ tó wà níwájú pánẹ́ẹ̀lì, pátákó tí okùn ìta ń parí sí, ní Ọ̀yọ́ mọ́ bí ojú ọmọ tuntun. Ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì ni ìṣòro wà, lọ́dọ̀ kọnẹ́kítọ̀ tí àwọn tó rì okùn náà ti tì bọ ibẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì yọ wò mọ́. A nù ún lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí a dá a padà, −18.6 ni pọ́ọ̀tù kà. Inú àwọn ẹgbẹ́ mi dùn sí 3.1 tí a rí gbà padà, ó sì dùn mọ́ èmi náà, ṣùgbọ́n 5.2 ṣì wà níta tí a kò mọ ibi tó wọlé sí.

Ohun tó tọ́ka sí i fún wa ni ìfiwéra. Fáíbà méjì ni ìsopọ̀ yìí ń lò, ọ̀kan ń gbé ìmọ́lẹ̀ lọ, èkejì ń gbé e bọ̀, wọ́n sì jọ wà nínú okùn kan náà, wọ́n jọ gba ojú ìsopọ̀ 14 kan náà kọjá. Lọ́dọ̀ Ìbàdàn, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ jẹ́ −14.0. Bí okùn náà bá ti gbó ni, àwọn méjèèjì ni ì bá jìyà. Bí ojú ìsopọ̀ kan bá ti gba omi, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì gba lára rẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, a mọ̀ pé fọ́nrán kan péré ni nǹkan ń ṣe, níbì kan.

A gbé OTDR jáde, ẹ̀rọ tó ń yin ìmọ́lẹ̀ sínú fáíbà tó sì ń fi ohun tó ta padà mọ ibi tí àbùkù wà. Kí a tó yìn ín, mo ní kí ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì yọ okùn kúrò lára suwíìṣì, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí OTDR ń yìn lágbára tó láti ba ojú mọ́dù tó ń gbọ́ jẹ́. Àṣìṣe tó fara pẹ́ èyí wọ́pọ̀ nínú yàrá ìdánwò: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́ nígbà kan fi okùn kékeré so ẹnu ZR mọ́ etí ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Mọ́dù náà ń tan ìmọ́lẹ̀ tó lè tó 4 dBm, etí rẹ̀ kò sì fẹ́ ju −7 lọ. Ó jóná kí ó tó dìde kúrò lórí àga. Ohun tí kò sí láàárín wọn ni atẹ́nuétọ̀ kékeré tó lè dín désíbẹ́ẹ̀lì 15 kù. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí, nítorí náà mi ò bá a wí. Àwa tó dàgbà jù ú lọ ni a jẹ̀bi.

OTDR fi hàn lórí ìgbì 1550 pé ìmọ́lẹ̀ já wálẹ̀ lójijì ní kìlómítà 31.4 láti Ìbàdàn, ó sì fi nǹkan bíi 5 désíbẹ́ẹ̀lì já. Mo yí i sí 1310, mo sì yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ibì kan náà, ohun tó já kò tó ìdajì désíbẹ́ẹ̀lì kan. Ẹni tó bá mọ èdè fáíbà yóò ti mọ ohun tí ìyẹn ń wí. Ojú ìsopọ̀ tí a kò lẹ̀ dáadáa máa ń jẹ ìgbì méjèèjì ní ìwọ̀n tó súnmọ́ra. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti tẹ fáíbà jù, ìgbì tó gùn ló máa ń kọ́kọ́ sá jáde kúrò nínú dígí, nítorí náà 1550 a máa sunkún níbi tí 1310 ti ń rẹ́rìn-ín. Bí a bá ti fi 1310 nìkan wọn ọ̀nà yẹn nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, kò sí bí àbùkù náà ṣe lè hàn. Mo gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ sí mánhóòlù tó wà kí a tó dé Fìdítì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pé kìlómítà 31.4 ti OTDR kì í ṣe 31.4 ti ojú títì, nítorí fáíbà ni ẹ̀rọ náà ń wọn, okùn tí a ká sílẹ̀ ní mánhóòlù kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, fọ́nrán náà fúnra rẹ̀ sì ń yí bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú okùn. Ẹni tó bá fi mítà ọkọ̀ wá àbùkù yóò kọjá rẹ̀ lọ. Àwòrán ọ̀nà tí wọ́n kọ iye okùn tó wà ní mánhóòlù kọ̀ọ̀kan sí ló gbà wá. A ṣí àpótí ìsopọ̀, a gbé àwo rẹ̀ sókè, a sì rí fọ́nrán kan ṣoṣo tí ìdérí àwo dì mú, tó tẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ ìka. A tú u, a tún un ká ní àyíká tó gbòòrò, a sì ti ìdérí padà. Ọ̀yọ́ pè wá: −13.6.

Mo ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìmọ́lẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òtítọ́ iṣẹ́ yìí pọ̀ sí jù. Ti iná mànàmáná kò gùn. Ẹ̀rọ wa ń lo fólítì 48 tí ó jẹ́ òdì (−48 V), ẹsẹ̀ rere (+) rẹ̀ ni a sì so mọ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá ti ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wá, tó rò pé dúdú ni òdì níbi gbogbo, lè yí i padà kí ó sì sun káàdì. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ti púlọ́ọ̀gì. Suwíìṣì tó dára ní ẹnu iná méjì, a sì gbọ́dọ̀ fà wọ́n láti ara bírékà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti bá ibi tí okùn A àti okùn B ti lọ pàdé lábẹ́ bírékà kan ṣoṣo, níbi tí ìwé iṣẹ́ sì sọ pé ohun gbogbo jẹ́ méjì-méjì. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè mọ̀ ni kí a pa A, kí a wò ó bóyá ẹ̀rọ wà láàyè, kí a dá a padà, kí a sì pa B.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ àti iná bá ti péye ni ọ̀rọ̀ ìṣètò wá kàn. Níbẹ̀, àìgbọ́ra-ẹni-yé ìpẹ̀kun méjì ló máa ń fa wàhálà jù. Lórí pọ́ọ̀tù fáíbà ti gígábíìtì kan, bí ìpẹ̀kun kan bá ń wá ìfohùnṣọ̀kan fúnra rẹ̀ lórí bí wọn yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ti de èkejì mọ́ ìṣètò kan ṣoṣo, ẹni tí wọ́n dè a ní ìsopọ̀ wà, ẹni tó ń dúró de ìdáhùn a ní kò sí, àwọn méjèèjì a sì máa bá ara wọn jà lórí fóònù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ ṣe é bákan náà ní ìhà méjèèjì, ó parí.

MTU, ìyẹn ìwọ̀n ẹrù tó tóbi jù lọ tí ẹ̀rọ yóò gbà kọjá, ni ó ń jẹ oorun mi. Férémù, ìyẹn ìdì dátà kọ̀ọ̀kan, tí kọ̀ǹpútà oníbàárà ń rán kì í sábà gbé ẹrù tó ju báìtì 1500 lọ, èyí tó di 1518 pẹ̀lú orí àti ìrù rẹ̀. Bí oníbàárà bá lẹ àmì VLAN, èyí tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mọ́ ọn, báìtì mẹ́rin wọlé. Bí àwa náà bá tún lẹ àmì tiwa lé e láti ya oníbàárà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, mẹ́rin mìíràn tún wọlé, ó di 1526. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń lo MPLS, ìlànà mìíràn tó ń fi àmì darí dátà, àwọn àmì tirẹ̀ náà jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Suwíìṣì kan tó bá ṣì dúró lórí ìwọ̀n àtijọ́ lójú ọ̀nà yóò máa da férémù ńlá nù láìsọ nǹkan kan, yóò sì máa jẹ́ kí kékeré kọjá. Ilé ìfowópamọ́ kan pè wá nígbà kan pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn ń ṣe bí ẹni tí àìsàn ń ṣe: ping ń lọ, ojúewé ìwọlé ń ṣí, ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá ti fẹ́ tẹ àkọsílẹ̀ owó oníbàárà jáde, gbogbo rẹ̀ a dúró. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi pààrọ̀ ráútà àti kọ̀ǹpútà. Ping kékeré ni gbogbo wa fi ń dán an wò. Nígbà tí mo rán ping tó ní ẹrù 1472, tí mo sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni pín in lójú ọ̀nà, kò dé. 1472 yẹn, pẹ̀lú báìtì 28 tó jẹ́ orí IP àti ICMP, àwọn ìlànà tí ping ń bá rìn, ló di 1500 gẹ́lẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń ka báìtì 14 tó jẹ́ orí férémù mọ́ MTU, àwọn mìíràn kì í kà á, nítorí náà nọ́ńbà kan náà ní ìpẹ̀kun méjèèjì lè túmọ̀ sí ìwọ̀n méjì. Láti ìgbà náà, mi ò gba nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀ gbọ́ mọ́. Ping ńlá ni mo fi ń bi ọ̀nà léèrè.

Ọ̀rọ̀ òrùka náà ń dùn mí. A máa ń so suwíìṣì pọ̀ ní òrùka, a sì máa ń fi ìlànà G.8032 ṣọ́ ọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí okùn bá já níhà kan, ìrìn dátà a yí sí ìhà kejì láàárín míllísẹ́kọ́ńdù 50. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn òrùka wa ni ìhà méjèèjì rẹ̀ kò sí nínú kòtò kan náà? Lórí àwòrán kọ̀ǹpútà, ó rí roboto. Lábẹ́ ilẹ̀, okùn méjì ló sùn ti ara wọn, katapílà kan a sì gé wọn pọ̀. Inú òkun pàápàá kò yàtọ̀: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin, MainOne, ACE, WACS àti SAT-3, bàjẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà nítòsí Abidjan, àwa tó wà láti Èkó dé Kútọnu sì rí i nínú gbogbo ohun tí a fẹ́ ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó kọ ìlànà òrùka sínú suwíìṣì, ẹ béèrè àwòrán kòtò.

Ní Ọ̀yọ́, lẹ́yìn tí a ti Fìdítì dé, a fi ẹ̀rọ ìdánwò rán ìrìn tó kún ìwọ̀n tí a tà fún oníbàárà la ìsopọ̀ náà kọjá fún wákàtí 24, férémù kékeré àti ńlá pa pọ̀, a sì dúró títí tí a fi rí i pé férémù kan kò sọnù. A ní kí suwíìṣì pariwo bí ìmọ́lẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ kọjá −17, kí a lè gbọ́ ọ nígbà tí nǹkan ṣì ṣeé wò, kí a má dúró di −24. Lẹ́yìn náà ni mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ìmọ́lẹ̀ tó jáde àti èyí tó wọlé ní ìhà méjèèjì, àwòrán OTDR lórí ìgbì méjèèjì, MTU tí a fi ping ńlá dán wò, bírékà tí A wà àti èyí tí B wà. Mo tẹ ẹ̀dà kan jáde, mo fi ọ̀rá bò ó, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìlẹ̀kùn ráàkì.

Nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà, katapílà tó ń la gọ́tà nítòsí Mọ́níyà gé okùn yẹn. Àwọn tó lọ tún un ṣe fi ègé okùn há àárín, wọ́n lẹ ojú méjì, wọ́n sì pè mí láti inú yàrá ẹ̀rọ ní Ọ̀yọ́ pé iná ti tàn. Mo ní kí ẹni tó pè mí ka nọ́ńbà tó wà lórí ìwé inú ìlẹ̀kùn fún mi, kí ó sì ka ti pọ́ọ̀tù tẹ̀lé e. −13.6 ni ti ìwé. −13.8 ni ti pọ́ọ̀tù. Mo ní kí ó mú báírò, kí ó kọ èkejì sábẹ́ èkíní, kí ó sì fi déètì sí i.